Istanbul Lójú Ẹni Tó Mọ Èkó

Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Marina, ti mọ ìdajì Istanbul kó tó gba físà. Ìlú méjèèjì, omi ló pín wọn. Ní Èkó, ẹni tó sùn sí Máínláńdì ló ń jí lọ wá owó ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Victoria Island. Ní Istanbul, àìmọye èèyàn ló ń sùn sí ìhà Éṣíà tí wọ́n ń jí lọ ṣiṣẹ́ ní ìhà Yúróòpù. Bosphorus ni wọ́n ń pe omi tó wà láàárín. Láti Òkun Dúdú ló ti ń ṣàn bọ̀ sínú Òkun Marmara, níbi tó sì ti fún jù lọ, kò ju nǹkan bíi mítà 700 lọ. Wọ́n ṣí afárá àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ ní 1973, ìkejì ní 1988, ìkẹta ní 2016. Síbẹ̀, súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ orí wọn kò yàtọ̀ sí ti Third Mainland tí àwa ṣí ní 1990. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ojú omi kò fi kógbá wọlé níbẹ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyí ní àárọ̀ tí èmi àti ọkọ mi kọ́kọ́ jáde láìsí amọ̀nà. Amọ̀nà tó mú wa kiri lánàá ẹ̀ ṣe dáadáa. Ó mọ ọdún, ó mọ orúkọ ọba. Àmọ́ inú bọ́ọ̀sì la ti rí èyí tó pọ̀ jù. Lójú tèmi, tọkọtaya tó bá fẹ́ fúnra wọn mọ ìlú ńlá kan, ohun tí ọmọ onílùú ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni kí àwọn náà wọ̀. Ọkọ mi gbà, ṣùgbọ́n ó ní, “Ìyá Ìbejì, Ayasofya tó wà nítòsí wa yìí ńkọ́? Ká tó débi omi, jẹ́ ká yà síbẹ̀.” Mo ní, “Kò burú, Bàbá Ìbejì. Ẹ ó kírun, èmi á wòran.”

Mùsùlùmí lọkọ mi, Kìrìsìtẹ́nì lèmi, bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa. Bóyá ni ilé kan wà láyé tó yẹ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ tó Ayasofya. Ọba Justinian ló kọ́ ọ láàárín 532 sí 537 kó lè jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Sultan Mehmed Kejì ṣẹ́gun ìlú náà ní 1453, ó sọ ọ́ di mọ́sáláṣí. Ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láwọn ọdún 1930, ó sì tún padà di mọ́sáláṣí ní 2020. Ẹnu ọ̀nà tí olùjọ́sìn ń gbà yàtọ̀ sí ti ẹni tó wá wòran, la bá pínyà níta. Ọkọ mi bọ́ bàtà, ó wọ ìsàlẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Èmi da ìborí borí, mo sanwó, mo gba òkè lọ. Owó náà wọ́n o: yúrò 25 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àjèjì láti 2024. Lára ògiri òkè yẹn ni àwòrán Jésù wà, Màríà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, Jòhánù Onítẹ̀bọmi lọ́wọ́ òsì, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán bíi wúrà ni wọ́n fi tò ó. Apá ìsàlẹ̀ àwòrán náà ti wó dànù, àmọ́ ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì pé. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Nígbà tí a pàdé níta, òrùlé rìbìtì tó fẹ̀ tó mítà 31 láìsí òpó kan lábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ mi ń sọ, ojú Màríà lèmi ń sọ.

Mọ́sáláṣí Sultan Ahmed, tó ní ilé gogoro ìpèrun mẹ́fà, wà ní ọ̀ọ́kán. A wò ó láti òde, a kọjá, nítorí omi ń pè mí.

Ní Sultanahmet, a wọ tram T1. Káàdì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Istanbulkart ló sanwó fún àwa méjèèjì: ẹ fi kàn án lẹ́ẹ̀kan fún ọkọ, ẹ tún fi kàn án fún aya. Káàdì yẹn náà ni wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ bá wọ tram tó kọjú sí ìhà kejì, Laleli lẹ ó dé, níbi tí àwọn oníṣòwò aṣọ láti Èkó ti ń rajà. Ìhà Eminönü làwa gbà, níbi tí afárá Galata wà, tí àwọn apẹja fi ìwọ̀ sómi láti orí rẹ̀, garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ọkọ̀ tó ń lọ sí Kadıköy la wọ̀. Kò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí a rí lọ́jọ́ náà, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ọkùnrin kan gbé abọ́ pẹrẹsẹ kiri, ó ń ta tíì nínú ife gíláàsì kékeré. Àwọn ẹyẹ òkun funfun ń fò tẹ̀ lé wa, àwọn èrò ń gé simit, búrẹ́dì oníhò tí wọ́n fi yánmọtí bò, wọ́n ń sọ ọ́ sókè fún wọn. Kò sẹ́ni tó kéde pé a ti kúrò ní Yúróòpù. Ọmọkùnrin tó jókòó tì wá kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀, nítorí ilé ló ń lọ. Ọkọ̀ náà tóbi, ó ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, kò sì sí pé à ń wọ aṣọ amúniléfòó bíi ti Ìkòròdú. Ó dùn mí nígbà tí mo ro Ọ̀sà wa. Omi tiwa náà fẹ̀, èrò wa pọ̀, ó yẹ kí ará Èkó náà lè mu tíì rẹ̀ lórí omi lọ síbi iṣẹ́, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Kadıköy ni wọ́n ń pè ní Chalcedon láyé àtijọ́, níbi tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti pàdé ní 451 lórí bí Jésù ṣe jẹ́ Ọlọ́run tó sì tún jẹ́ ènìyàn. Ọjà ló gbòde níbẹ̀ báyìí. Ẹja tútù wà lórí àtẹ, ólífì wà nínú agbada, ológbò ń rìn fàlàlà láàárín ẹsẹ̀ oníbàárà, kò sì sẹ́ni tó ń lé wọn. Ìkarahun òkun tí wọ́n ki ìrẹsì sí nínú la jẹ nídùúró. Ẹni tó ń tà á ń fún omi òroǹbó wẹ́wẹ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nà án sí wa, ó ń ka ìkarahun tó ṣófo láti mọ iye tí a ó san.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ lórí omi ni ọkọ mi rántí Mohammed Shitta. Ṣàró ni wọ́n ti bí i, ọmọ Yorùbá tí òwò sọ di ọlọ́rọ̀. Òun ló kọ́ mọ́sáláṣí tó wà ní òpópónà Martins ní Èkó, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1894 tí wọ́n ṣí i, Sultan Abdul Hamid Kejì rán aṣojú wá láti Istanbul níbí, Abdullah Quilliam ará Liverpool, pẹ̀lú oyè Bey fún Shitta. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Shitta-Bey. Bàbá bàbá ọkọ mi kírun nínú mọ́sáláṣí yẹn.

“Yıldız ni sultan yẹn ti ṣèjọba,” ó ní, “wọ́n sì ti ṣí ààfin náà fún aráàlú láti 2024. Tram dé Kabataş. A ó wọ bọ́ọ̀sì dé Beşiktaş, ká wá fẹsẹ̀ gun òkè.” Mo ní ká tètè jí, kí Laleli lè bọ́ sí ìrọ̀lẹ́.