Ìnàkí Ni Sùúrùlérè Gbè Lẹ́yìn

Agogo méjì ọ̀sán ti kọjá díẹ̀ nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú dáńfó ní Ojúẹlẹ́gbà, ní Sùúrùlérè. Ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde ni, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024. Oòrùn mú débi pé ọ̀dà títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Lábẹ́ afárá, èéfín ọkọ̀, òórùn bọ̀ọ̀lì àti òógùn ènìyàn ti wọnú ara wọn, èèyàn ò mọ èyí tó ń ta sí òun nímú mọ́. Àwọn kọ̀ńdọ́ ń fi ohùn tó ti ha pe Múṣin, ọmọ kan tó ń ta omi inú ọ̀rá sì ń sá tẹ̀lé ọkọ̀ tí kò dúró, ẹrù lórí, ṣéńjì láàárín eyín.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Adéníran Ògúnsànyà. Ìyá àgbà kan àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì la jọ há sẹ́yìn. Ó wé gèlè, ó wọ léèsì ọdún, ó gbé èyí àbúrò lé ẹsẹ̀. Mo kí i, mo bi í bóyá sinimá ni wọ́n ń lọ.

"Sinimá ni, ọmọ mi. Ajakaju lèmi fẹ́ wò. Àwọn wọ̀nyí ní aláǹgbá làwọn fẹ́ wò."

"Godzilla ni, Màmá àgbà!"

"Aláǹgbá náà ni."

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá tí sinimá náà wà, ẹ̀ṣọ́ fi irin àyẹ̀wò ra wá lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn ṣí, òtútù kọlù wá. Òórùn gúgúrú oníṣúgà ti gba gbogbo òkè, ìró jẹnẹrétọ̀ sì ń kùn lẹ́yìn ògiri bí ẹni tó ń sùn tó ń hanrun. Ìlà mẹ́ta ló wà níwájú àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Kó tó dé iwájú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ọ̀kan.

Àwòrán ìpolówó méjì wà lára ògiri, wọ́n súnmọ́ra bí ìbejì. Ọ̀kan ni Ajakaju, fíìmù Ẹniọlá Àjàó, èyí tí wọ́n pè ní Beast of Two Worlds lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni Godzilla x Kong: The New Empire, tí Adam Wingard darí. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì jáde, ọjọ́ Jímọ̀ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, ọjọ́ tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń rántí ikú Jésù. Ẹranko ilé àti ẹranko òkèèrè ló ń du owó ọdún lọ́wọ́ ará Èkó. Ẹranko ilé ló ń borí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn: nígbà tó fi máa kan Màmá, ìjókòó Ajakaju ti tán, ó di alẹ́. Kò yà mí lẹ́nu. Oṣù kìíní ọdún yẹn gan-an ni A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa owó tó ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá.

Màmá ní òun kì í rìn lóru. Àwọn ọmọ ń fò sókè. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó ka owó, ó tún un kà. "Owó yìí á ra ìrẹsì kọ́ńgò kan, á sì ṣẹ́kù fún ata," ló sọ fún ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gba owó.

Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní Yabatech dúró lẹ́yìn mi. Ó rí ìwé ìkọ̀wé lọ́wọ́ mi, ló bá sún mọ́ mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má dà á pọ̀ o. Èyí tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti 2014 ni. Ìkarùn-ún rèé."

Ó fi ìka kà á: ti 2014, ti Kong nìkan ní 2017, ti 2019, èyí tí àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ kojú ara wọn ní 2021, àti ti òní. Ṣùgbọ́n Godzilla fúnra rẹ̀, ó ní, ó dàgbà ju bàbá òun lọ. Ọdún 1954 ni Ishirō Honda gbé e jáde ní Japan. Lóṣù kẹta ọdún yẹn ni Amẹ́ríkà dán bọ́ǹbù háídírójìn wò ní Bikini, eérú rẹ̀ sì dà lé àwọn apẹja Japan mẹ́tàlélógún lórí nínú ọkọ̀ ojú omi wọn. Kó tó di òpin ọdún, Godzilla ti jáde látinú òkun nínú fíìmù, ó ń tẹ Tokyo mọ́lẹ̀. Àwọn ará Japan ṣì ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Godzilla Minus One tí wọ́n ṣe ní 2023 ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún idán ojú àwòrán, kò tíì pé oṣù kan lọ́jọ́ tí a wà lórí ìlà yìí.

"Nínú ìyẹn, ẹ̀rù ló ń bani," ló wí. "Eléyìí, ìjà lásán ni."

"Ìjà lèmi bá wá ní tèmi," ẹnìkan dáhùn níwájú láì bojú wẹ̀yìn.

Nídìí gúgúrú, ọmọkùnrin kan tó dé fìlà funfun ra garawa ńlá kan. Wọ́n bi í bóyá kí àwọn fi mínírà sí i. Ó ní rárá, òun ń gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ kejìlélógún nìyẹn. Ó gbé garawa náà mọ́ àyà, ó wọlé.

Inú gbọ̀ngàn ṣókùnkùn, ó tutù. Màmá jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi, àwọn ọmọ sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, alààwẹ̀ sọ́wọ́ òsì mi. Lẹ́yìn wa ni àwọn ọmọkùnrin bíi mẹ́jọ wà, wọ́n ní Múṣin làwọn ti wá. Àwọn tó pẹ́ ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá ìjókòó kiri, wọ́n ń tẹ̀ wá lẹ́sẹ̀, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀.

Ìjà àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara ti àga. Kong, ìnàkí ńlá náà, nìkan ni, nínú ayé tó wà lábẹ́ ilẹ̀, àwọn ẹranko bí ìkookò ń lé e. Ó mú ọ̀kan, ó fà á ya sí méjì, omi ara ẹran náà dà lé e lórí wàà, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ọbẹ̀ ewédú. "Yéè!" ni gbogbo ilé ké. Ọmọ àbúrò fi léèsì Màmá bojú.

Lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn inú fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

Ojú ẹsẹ̀ ni fóònù tàn káàkiri. Mo ka mọ́kànlá. Àwọn kan dìde lọ tọ̀. Àwọn ọmọ Màmá ló kù tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń túmọ̀: "Màmá àgbà, ó ní àmì kan ń wá láti abẹ́ ilẹ̀. Màmá àgbà, ó ní ẹ̀rọ ló ń gbọ́ ọ." Màmá ń ṣe "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n", ojú rẹ̀ kò kúrò lára ògiri. Nígbà tí Godzilla pa ẹranko bí alákàn kan ní Róòmù tán, tó wá káwọ́-kásẹ̀ sùn nínú ilé ìwòran àtijọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń wo ìjà nígbà kan, Màmá ní, "Bí ajá tó yó."

Eyín ń dun Kong. Ó gòkè wá sáyé wa láti wá ẹni tó máa yọ ọ́.

"Ẹ gbé e lọ ọsibítù Ìdí-Àràbà!" ni ohùn kan láti ẹ̀yìn.

"Kó lọ gba káàdì ná!" ni èkejì.

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wa nígbà tí Kong padà sábẹ́ ilẹ̀, tó bá àwọn ìnàkí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé. Ibí yìí ni fíìmù náà ti pa ọ̀rọ̀ ẹnu tì fún ìgbà pípẹ́. Ìnàkí ń wo ìnàkí, wọ́n ń hó, wọ́n ń nawọ́, wọ́n ń fa ojú ro. Ibí yìí náà ni Màmá ti gba iṣẹ́ ìtumọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ó ń ṣàlàyé jẹ́jẹ́ ní Yorùbá, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn ará Múṣin sì dákẹ́ lẹ́yìn wa kí wọ́n lè gbọ́. Ìnàkí kékeré kan ń ṣáájú Kong lọ. "Ojú ọmọ yẹn ò mọ́," ni Màmá wí. "Ó ń tàn án lọ sómi." Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹranko abàmì jáde látinú omi. Ẹnìkan lẹ́yìn fi ọwọ́ lu àga: "Màmá ti wò ó rí!"

Kò wò ó rí.

Ṣáájú ìgbà yẹn ni àwọn ìnàkí kan ti dojú ìjà kọ Kong. Kò sí igi nítòsí, kò sí òkúta. Ó gbá ọmọ kékeré yẹn lẹ́sẹ̀ mú, ó fi ń na àwọn yòókù. Gbọ̀ngàn dàrú. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ nínú sinimá láti ìgbà pípẹ́. Gèlè Màmá tú. "Ó fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe kùmọ̀! Ẹ gbà mí o, ó fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe kùmọ̀!" Gúgúrú fò jáde nínú garawa alààwẹ̀. Ó ṣà á níkọ̀ọ̀kan lórí itan rẹ̀, ó dá a padà.

Nígbà tí ọba àwọn ìnàkí yọjú, pupa, ọwọ́ gígùn, egungun ẹ̀yìn ẹranko tó fi ṣe pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn yòókù ń ru òkúta níwájú rẹ̀, àwọn ará Múṣin ti ní orúkọ fún un. "Alága!" Ìkejì gbà á: "Alága gáréèjì!" Ìkẹta fi ohùn àgbèrò béèrè pé owó dà. Láti ìgbà yẹn títí fíìmù fi parí, kò sẹ́ni tó tún pè é ní Skar King.

Ìgbà kan ṣoṣo ni gbogbo ilé dákẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kí a dákẹ́. Ọmọbìnrin adití inú fíìmù náà, Jia, ń fi ọwọ́ bá Kong sọ̀rọ̀, Kong sì ń fi ọwọ́ dá a lóhùn. Kaylee Hottle tó ṣe Jia kì í gbọ́rọ̀ lóòótọ́. Fóònù kankan kò tàn.

Ìjà dé Íjíbítì. "Áfíríkà ni o!" Àtẹ́wọ́ sọ, ó sì tètè rọlẹ̀, nítorí píramídì ló ń wó yẹn. "Ta ló máa san án?" "Kí wọ́n má dé Third Mainland o, wọn ò tíì tún un ṣe tán!" Lóòótọ́, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó ṣí afárá náà tán. Godzilla gbé Kong lókè, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀ ní àsọdorí. Bàbá kan tó wọ dígí dìde dúró: "Power Mike!"

"Ta ni Power Mike?" ni ọmọdé kan bi í.

Bàbá jókòó padà.

Brazil ni wọ́n parí ìjà sí. Godzilla ti pààrọ̀ àwọ̀, ó ń tàn bíi píǹkì. "Aṣọ ẹbí rèé!" Kong fi ọwọ́ fọ́ Alága tó ti di yìnyín sí wẹ́wẹ́, àtẹ́wọ́ sì gba ilé kan. Ìnàkí ni wọ́n pa á fún. Nígbà tí iná tàn, mo bi ọ̀kan nínú àwọn ará Múṣin ìdí tí wọn kò fi gbè sẹ́yìn Godzilla, tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ń sùn kiri ni, kò san rẹ́ǹtì. Kong ni tiwa. Eyín ń dùn ún, kò lẹ́bí, ó ń wá àwọn èèyàn ẹ̀ kiri. Wọ́n tún jẹ ẹ́ níyà níbi tó ti rí wọn."

Ọmọ Yabatech ń kọjá lọ, ó ń mi orí. Ó ní kò sí ìtàn níbẹ̀.

Mo bá Màmá níbi tó ti ń tún gèlè wé. Mo bi í bó ṣe ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn.

"Gẹ̀ẹ́sì wo? Ìnàkí sọ Gẹ̀ẹ́sì?" Ó ní nígbà ọmọge òun, Pen Cinema ní Agége lòun ti ń wo fíìmù Íńdíà. Kò gbọ́ èdè wọn, ó sì máa ń sunkún délé. Sinimá náà ti lọ, orúkọ rẹ̀ ló kù sára ibùdókọ̀ àti afárá. Àmọ́ mo rò ó pé ọ̀rọ̀ Màmá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwòrán tó kọ́kọ́ rìn níwájú ará Èkó, ní gbọ̀ngàn Glover lóṣù kẹjọ ọdún 1903, kò ní ohùn rárá.

A jáde sínú ooru. Adéníran Ògúnsànyà ti kún, họ́ọ̀nù kò sinmi. Kẹ̀kẹ́ kan náà ló tún gbé wa padà, alààwẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ pẹ̀lú garawa rẹ̀. Ní Ojúẹlẹ́gbà, nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìpè ìrun Mọ̀gàríbì dún láti mọ́sáláṣí kan tí mi ò rí. Ó mu omi, ó ju gúgúrú ìwọ́nba sẹ́nu. "Ó ti rọ̀," ló wí, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ. Ó bu díẹ̀ fún awakọ̀.

Màmá ṣí àpò láti san owó kẹ̀kẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì kan bọ́ sílẹ̀. Mo bá a he é. Ajakaju ni, ti ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹyọ kan péré. Àwọn ọmọ bi í pé àwọn ńkọ́.

"Ẹ ó dúró sílé," ló wí. "Ìtumọ̀ yín ti pọ̀ jù."