Kóòdù tó ń pinnu owó ìtọ́jú ẹsẹ̀ tí iṣan rẹ̀ dí

Ẹrù kì í kúrò lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè ní Port autonome de Lomé, èbúté Togo, láìní nọ́ńbà tó ń fi irú ẹrù tó jẹ́ hàn. Rọ́bà tín-ín-rín tí dókítà ń tì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ 9018.39, stent, páìpù kékeré tí kì í jẹ́ kí iṣan náà tún pa dé, wà lábẹ́ 9021.90. Bó ṣe rí nìyẹn ní ọ̀pọ̀ jù lọ èbúté àgbáyé.

Ní Amẹ́ríkà, ohun tí dókítà fi wọ́n ṣe náà ní kóòdù tirẹ̀, nínú ìwé CPT tí American Medical Association ń kọ. Láti 2011 títí di 2025, bí dókítà bá fi bálúùnù ṣí iṣan itan, 37224 ló máa ń kọ; bó bá fi stent sí i, 37226; bó bá fi ẹ̀rọ ha ohun tó dí i, 37225. Bí wọ́n bá ṣe é ní ọ́fíìsì dókítà, owó híha ju ti bálúùnù lọ fíìfíì, àwọn dókítà kan sì ń ha iṣan aláìsàn tí ì bá kọ́kọ́ fi ìrìn tọ́jú ara rẹ̀. Ìyẹn dùn mí. Lọ́dún 2026 ni wọ́n pa àwọn kóòdù iṣan ẹsẹ̀ yìí, 16 lápapọ̀, rẹ́, tí wọ́n fi 46 rọ́pò wọn. Wọ́n ń béèrè báyìí bóyá iṣan náà fún lásán ni, tàbí ó dí pátápátá.

Bẹ́ẹ̀ àìsàn iṣan ẹsẹ̀ tó ń dí yìí kì í fara pa mọ́ nígbà gbogbo. Bí èèyàn bá rìn díẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun lè máa ro ó. Bó bá dúró, ìrora náà á lọ. Bó bá tún rìn, á tún dé. Sìgá àti àtọ̀gbẹ wà lára ohun tó ń fà á jù. Nọ́ọ̀sì á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní apá, á wọ̀n ọ́n ní ọrùn ẹsẹ̀, á fi ti apá pín ti ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ 0.90 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, iṣan ti ń dí nìyẹn. Ìrìn tí olùtọ́jú ń darí wúlò gan-an fún irú ẹni bẹ́ẹ̀: láti 2017 ni Medicare, adójútòfò ìlera àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà, ti ń sanwó rẹ̀, ìgbà 36 láàárín ọ̀sẹ̀ 12, kóòdù 93668.

Ní Togo, Assurance maladie universelle, adójútòfò ìlera fún gbogbo èèyàn, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024: àjọ INAM ń bójú tó òṣìṣẹ́ ìjọba, àjọ CNSS ń bójú tó ti iléeṣẹ́ aládàáni, títí kan àwọn tí iléeṣẹ́ gbà síṣẹ́ ẹrù jíjá ní èbúté. Kí wọ́n tó ṣírò owó bálúùnù àti stent, mo fẹ́ kí ìfúnpá ọrùn ẹsẹ̀ àti ìrìn náà ní ìlà àti iye owó tiwọn nínú ìwé tí wọ́n fi ń sanwó.