Kí Ẹ Tó Fi Ṣúgà Àgbọn Rọ́pò Ṣúgà Funfun

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn tó ní àtọ̀gbẹ máa ń mú ṣúgà àgbọn wá fi hàn wá. Ìbéèrè wọn ò yàtọ̀: "Nọ́ọ̀sì, èyí ò lè ṣe mí ní nǹkan kan, àbí?"

Inú ẹran àgbọn kọ́ ni wọ́n ti ń rí i. Bí adẹ́mu ṣe ń dá ẹmu lára ọ̀pẹ ni àwọn ará Indonéṣíà àti Filipíìnì ń gé ṣóńṣó òdòdó àgbọn, tí omi dídùn á máa kán sínú ohun tí wọ́n gbé sí i. Kó tó kan ni wọ́n ti ń gbé e kaná, wọ́n á sè é títí yóò fi gbẹ di ṣúgà pupa rúsúrúsú. Nínú 100 gíráàmù rẹ̀, bíi 70 sí 80 jẹ́ súkírósì, ohun kan náà tí ṣúgà funfun jẹ́ látòkè délẹ̀. Ṣíbí ìmutíì kan èyíkéyìí nínú méjèèjì á fún yín ní nǹkan bíi kálórì 16. Pótásíọ̀mù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kí ẹnì kan tó rí i tó, yóò ti lá ṣúgà yó.

Wọ́n ní kì í tètè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Lórí ìwọ̀n tí gúlúkóòsì ti gba 100, àyẹ̀wò kan ní Filipíìnì fún un ní 35. Ti Yunifásítì Sydney fún un ní 54. Ṣúgà funfun gba nǹkan bíi 65. Ẹni tó bá tìtorí èyí bu ṣíbí kan lé e ti jẹ èrè rẹ̀ tán.

Bó bá jẹ́ oyin lẹ fẹ́ fi rọ́pò ṣúgà, ṣúgà náà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ má fi tọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu wò o, ó lè fa àrùn tó ń mú kí ara ọmọ rọ jọwọrọ. Stevia, ohun amóúnjẹdùn tí wọ́n ń rí lára ewé, ò ní kálórì, ṣùgbọ́n lọ́dún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó fẹ́ fọn má gbójú lé irú rẹ̀.

Àgbọn gan-an la fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ. Ẹ rẹ gàrí díẹ̀ sínú omi tútù, ẹ gé àgbọn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ má fi ṣúgà sí i. Ẹ rún àgbọn náà lẹ́nu dáadáa, adùn rẹ̀ á jáde. Kí gàrí alátọ̀gbẹ má pọ̀ ṣá, òun náà ń di ṣúgà lára.

Pé omi àgbọn ń sọ ọmọ di òpònú, bóyá àwọn àgbà ló fi ń ṣọ́ ife tiwọn. Àmọ́ bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ORS, oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ni kẹ́ ẹ fún un. Iyọ̀ inú omi àgbọn ò tó. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó mu ún.

Àdí àgbọn dáa fún irun àti awọ gbígbẹ. Nínú ìkòkò ọbẹ̀, ẹ rọra: ọ̀rá inú rẹ̀ máa ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù burúkú sókè.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò yín, ẹ mú páálí ohun tẹ́ ẹ fi ń mu tíì dání, ká jọ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.