Bí A Ṣe Lè Fi Kún Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí A Mọ̀, Kí A Má sì Ṣì Í Lò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Agége àti Ìkẹjà ni ó ń fẹ́ láti mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ. Ìfẹ́ náà dára. Láti ìgbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti dá àgbègbè ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà ni ìkìlọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti pọ̀ lára ẹ̀rọ, lára àgbá àti lára ìgò oògùn láàárín wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wa ń gbà kọ́ ọ kù díẹ̀ káàtó. A ń há ọ̀rọ̀ kan àti ìtumọ̀ kan sórí, a sì rò pé ó parí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó kọ́ èmi tìkára mi lọ́gbọ́n.

Ní kíláàsì alẹ́ tí mo ń kọ́ ní ìjọ wa ní Agége, mo wí fún àwọn àgbà pé bí wọ́n bá rí “in” níwájú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n kà á sí “kò”. “Correct” ni ohun tí ó tọ́, “incorrect” ni èyí tí kò tọ́. “Complete” ni ohun tí ó pé, “incomplete” ni èyí tí kò pé. Ọ̀kan nínú wọn, tí ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan, fi ẹ̀kọ́ náà sọ́kàn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná mànàmáná kú, ó sì fẹ́ tan àbẹ́là lẹ́bàá àwọn àgbá tí a kọ “Inflammable” sí lára. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé, “Flame ni ọwọ́ iná. Bí in bá wà níwájú rẹ̀, a jẹ́ pé nǹkan yìí kì í gbiná.” Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ké sí i pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣáná síbẹ̀!” Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run kó wọn yọ. Nígbà tí ó dé kíláàsì, ó wí fún mi pé, “Tíṣà, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa pé kò ni in.” N kò lè fèsì.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Inú èdè Látìnì ni “in” ti wá, ṣùgbọ́n méjì ni. Ọ̀kan túmọ̀ sí “kò”, èkejì túmọ̀ sí “sínú”. Èkejì ni ó wà nínú “inflammable”, tí ó ti ara ọ̀rọ̀ Látìnì tí a ń lò fún fífi iná ràn nǹkan jáde. Nítorí náà “inflammable” àti “flammable” jẹ́ ọ̀kan náà: ohun tí ó tètè ń gbiná. Nítorí ewu yìí ni àwọn tí ń rí sí ìdènà iná ní Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ sí rọ àwọn ènìyàn, láàárín 1920 sí 1930, pé kí wọ́n máa kọ “flammable”. Èyí tí kì í gbiná ni “non-flammable”.

Ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn pẹ̀lú lè tan ni jẹ. Benjamin Lee Whorf, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò iná, kọ ọ́ sínú ìwé kan tí a tẹ̀ ní 1941 pé àwọn ènìyàn a máa ṣọ́ra lẹ́bàá àgbá tí epo bẹntiróòlù kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́bàá èyí tí a pè ní “empty”, wọn a máa fa sìgá. Bẹ́ẹ̀ ni oru epo tí ó kù nínú àgbá náà lè bú gbàmù. “Empty” ni òfìfo lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfìfo kì í ṣe àìléwu. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ gbọ́ èyí: kẹ́ẹ̀gì oògùn apakòkòrò tí ó ti tán kì í ṣe ohun tí a ń pọn omi mímu sí, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́ nígbà méje. Ẹ dá a lu, kí ọmọdé má baà fi pọnmi.

Báwo wá ni kí a ṣe?

Èkíní, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ yín. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sínú ìwé lójúmọ́, láti ara ohun tí ọwọ́ yín ń kàn.

Èkejì, ẹ kọ odindi gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tí ó sì tún un ṣe ní 1852, ó fi òwe gbe ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀, kí a lè rí iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Ẹ̀kẹta, ẹ kó ìdílé ọ̀rọ̀ jọ: “use”, “useful”, “useless”, “misuse”. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀lé ìdílé nìkan. Ẹ wo ìwé atúmọ̀-èdè, tàbí kí ẹ bi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi ọwọ́ bo ìtumọ̀, kí ẹ sì dán ara yín wò ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àti lẹ́yìn oṣù kan. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, fi hàn ní 1885 pé ohun tí a há sórí tètè ń sá lọ, àti pé àtúnkà tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ sàn ju èyí tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀:
Toxic: ohun tí ó ní májèlé.
Corrosive: ohun tí ń jẹ irin tàbí awọ ara.
Dilute: fi omi là á.
Expiry date: ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ lò ó kọjá.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lójúmọ́ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ lọ́dún. Ọkùnrin ilé ìkẹ́rùsí náà ṣì ń wá sí kíláàsì. “Inflammable” ni ó kọ sí ojú ewé kìíní ìwé rẹ̀, èmi pẹ̀lú sì ti kọ ọ́ sí tèmi.