Bí òbí ṣe lè fi èdè ilé la ọ̀nà ìwé kíkà fún ọmọ ọwọ́ ní Douala

Ọmọ tí wọ́n bá bí sí ìlú Douala, ní Cameroon, máa ń gbọ́ oríṣiríṣi èdè kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn. Faransé ni ti ọ́fíìsì ní Bonanjo. Faransé àti Píjìn ni wọ́n fi ń nájà ní New Bell. Duala, Basaa àti Bamileke tún wà ládùúgbò. Bí òbí rẹ̀ bá wá jẹ́ Yorùbá, èdè mìíràn tún kún un.

Ìbéèrè tó ń dààmú ọ̀pọ̀ òbí bẹ́ẹ̀ ni pé: èdè wo ni kí n bá ọmọ mi sọ, kí ó má baà gbẹ́yìn nílé ìwé? Àwọn kan ti pa èdè ilé tì, ìwọ̀nba Faransé tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n ń bá ọmọ sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí fi hàn yàtọ̀ sí èyí.

Kí ló kan ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ìwé kíkà?

Láti inú oyún ni ọmọ ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń gbọ́ láti ìgbà náà wá ni yóò fi lóye ìwé lọ́jọ́ iwájú, torí pé ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ìró lásán ló ń pè. Ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa kàwé sétí ọmọ láti ìkókó.

Òbí tó ń sọ èdè tí kò gbọ́ dáadáa kì í lè sọ púpọ̀. "Wá", "jókòó", "fi sílẹ̀" ló máa ń pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Kò lè pàlọ́, kò sì lè dáhùn gbogbo "kí ló dé?" tí ọmọ ń bi í.

Ẹ̀rí láti Cameroon àti Nàìjíríà

Láti ọdún 2007, wọ́n fi èdè Kom kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé 12 ní Boyo, àríwá ìwọ̀ oòrùn Cameroon, fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé 12 mìíràn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ Kom ló ṣe dáadáa jù nínú ìwé kíkà àti ìṣirò.

Ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún 1970. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ. Kò dí wọn lọ́wọ́ láti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Báńkì Àgbáyé sọ ní ọdún 2022 pé nínú ọmọ ọdún mẹ́wàá 100 ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, nǹkan bí 89 ni kò lè ka ìwé tí kò le kí ó sì yé wọn.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé

• Bí ìkókó bá ń ké "ba-ba", ẹ dá a lóhùn, kí ẹ sì dúró kó tún fèsì.

• Ẹ máa dárúkọ ohun tí ọmọ ń wò: kànìnkànìn tí ẹ fi ń wẹ̀ ẹ́, bendskin, ìyẹn ọ̀kadà ibẹ̀, tó ń kọjá lọ.

• Ẹ máa kọrin, ẹ máa ki oríkì rẹ̀, ẹ máa pàlọ́ ìjàpá.

• Ẹ fi ìró ṣeré. Ọmọ tó mọ̀ pé igbá, igba àti ìgbà kì í ṣe ọ̀kan náà ti ń fi etí kọ́ ohun tí yóò fi ojú kà.

• Bí èdè bàbá àti ti ìyá bá yàtọ̀, kí kálukú máa sọ tirẹ̀. Ọmọ lè gbọ́ méjèèjì.

• Ẹ má fi fóònù rọ́pò ara yín. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní ọdún 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má wo ẹ̀rọ rárá.

Òbí tí kò mọ̀wé ńkọ́?

Òun náà lè ṣe é. Kí ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, kí ó ṣí ìwé alááwòrán, kí ó sì sọ ohun tó rí níbẹ̀ bí ìtàn. Bí ìwé kò bá sí, kàlẹ́ńdà ara ògiri tàbí agolo mílíìkì tó ní àwòrán àti lẹ́tà lára tó o bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ti ń lọ ilé ìwé lè kàwé sétí àbúrò rẹ̀ lálẹ́.

Olùkọ́ yóò kọ́ ọmọ ní Faransé. Lẹ́tà bíi b, d, k àti m tó bá ti mọ̀ nínú Yorùbá yóò sì tún wúlò fún un níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Douala, bí òbí kò bá sọ Yorùbá sí ọmọ létí, ta ni yóò bá a sọ ọ́?