Ikú Abiyamọ Aláwọ̀ Dúdú ní Amẹ́ríkà: Ẹ̀jẹ̀ Kọ́ Ló Fà Á

Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023, nínú ọmọ 100,000 tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú bí, nǹkan bí ìyá 50 ló kú nítorí oyún tàbí lórí ìkúnlẹ̀. Láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun, iye náà kò pé 15. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbé, abẹ́ òfin kan náà ni wọ́n wà. Àwọn kan á ní inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Èsì ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ láti 1997, nígbà tí Richard David àti James Collins gbé ìwádìí wọn jáde lórí ìwọ̀n àwọn ọmọ tuntun, tó ń fi bí oyún ṣe rí hàn, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ọmọ àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà wọn gíráàmù 3,446. Ti àwọn obìnrin tó ti Áfíríkà wá, 3,333. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, 3,089. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, ọmọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Áfíríkà dé ni ì bá fúyẹ́ jù. Ìwádìí míràn tó tẹ̀ lé e bani nínú jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ọmọbìnrin tí irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ bí síbẹ̀, nígbà tí àwọn náà bímọ, ọmọ wọn fúyẹ́ ju bí àwọn fúnra wọn ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn. Ilẹ̀ náà ló yí padà, ẹ̀jẹ̀ kò yí padà.

Ẹlòmíràn á ní òṣì ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1930 ni ìjọba ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú lórí máàpù, tí báńkì kò fi yá wọn lówó ilé. Ẹni tí kò nílé kò ní ogún tí yóò fi sílẹ̀ fọ́mọ. Medicaid, ètò ìlera tí ìjọba fi ń ran tálákà lọ́wọ́, máa ń já ọ̀pọ̀ abiyamọ sílẹ̀ ní ọjọ́ 60 lẹ́yìn ìbímọ, kó tó di pé òfin ọdún 2021 gba àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti sọ ọ́ di ọdún kan. Bẹ́ẹ̀, ikú tó ti inú oyún wá lè dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n òṣì nìkan kò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà tán. Nínú ìṣirò CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí dídènà àrùn, láti 2007 sí 2016, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó gboyè yunifásítì ń kú ju àwọn aláwọ̀ funfun tí kò parí ilé-ìwé girama lọ. Owó àti ìwé kò gbà wọ́n. Lára ohun tó kù ni ìwà tí wọ́n ń bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Serena Williams, agbá-tẹ́níìsì aláwọ̀ dúdú tó lówó tó sì lókìkí, bímọ lọ́dún 2017. Nígbà tí èémí rẹ̀ kò já gaara mọ́, ó sọ irú àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n ṣe fóun, nọ́ọ̀sì sì rò pé oògùn ìrora ló ń dà á lọ́kàn rú. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni wọ́n padà bá nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìtàn ẹnìkan kò tó ẹ̀rí, àmọ́ èyí bá ìṣirò yẹn mu rẹ́gí.

Àwọn ìgbìmọ̀ tó yẹ ikú àwọn ìyá tó jẹ mọ́ oyún wò ní ìpínlẹ̀ 36, láti 2017 sí 2019, rí i pé nínú 100, ó ju 80 lọ tó ṣeé dènà. Àwọn ọsibítù ni iṣẹ́ dídènà ikú náà já lé léjìká, kì í ṣe aláboyún. Títí wọn yóò fi ṣe é, ẹ̀yin tí ọmọ tàbí àbúrò yín lóyún ní Houston tàbí Chicago, ẹ má jẹ́ kó dá lọ sí ọsibítù. Bó bá ní òun kò lè mí dáadáa, tàbí pé orí ń fọ́ òun gidi lẹ́yìn ìbímọ, ẹ dúró tì í títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.