Iná Orí Ilẹ̀ fún Ọkọ̀ Òkun: Kí Ló Kan Àwa Àgbẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ lè bi wá pé, kí ló pa àgbẹ̀ Komu pọ̀ mọ́ ọkọ̀ òkun? Kaṣú tí à ń kó kúrò ní Òkè-Ògùn, èbúté Èkó ni púpọ̀ rẹ̀ ń gbà lọ sí Íńdíà àti Vietnam. Ìnáwó tó bá wọ èbúté lè kan iye tí wọn yóò ra ẹrù wa.

Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń wà á yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ inú rẹ̀ kì í dákẹ́. Òun ló ń tan iná, tó ń fa omi, tó sì ń mú kí ẹja inú ẹrù tutù. Tọ̀sán tòru ló ń jó epo, èéfín rẹ̀ sì ń wọ imú àwọn òṣìṣẹ́ èbúté àti àwọn ará Àpápá.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a fa wáyà iná láti orí ilẹ̀ sínú ọkọ̀, kí jẹnẹrétọ̀ lè sinmi. Gothenburg ní Sweden ṣe é fún ọkọ̀ ẹrù ní ọdún 2000. Los Angeles ní Amẹ́ríkà ṣe é ní 2004. Láti 2030, òfin yóò sọ ọ́ di dandan fún àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó kọ̀nténà tàbí èrò ní àwọn èbúté pàtàkì ilẹ̀ Yúróòpù.

Bí a bá fẹ́ ṣe é ní Èkó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá ń lo iná oní-hertz 60. Ti Nàìjíríà jẹ́ 50. Ẹ̀rọ tí yóò yí i padà di dandan, owó rẹ̀ kò sì kéré. Gáàsì àti omi Kainji òun Jebba ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná wa, èéfín wọn kò sì tó ti epo ọkọ̀. Ṣùgbọ́n iná náà dákú jákèjádò orílẹ̀-èdè lọ́pọ̀ ìgbà ní 2024. Bí èbúté bá tan jẹnẹrétọ̀ dísù láti fún ọkọ̀ níná, èéfín kàn kúrò lórí omi bọ́ sórí ilẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ bá dáwó rà. Kí ẹ tó dáwó, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: níbo ni iná rẹ̀ yóò ti máa wá? Ta ni yóò máa san owó rẹ̀? Bí iná bá dákú, ọrùn ta ni gbèsè wà? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́ ọ kí owó tó jáde.